Ọjọ́ tí Àna Wa Láti Ọ̀mù-Àrán Wá Wo Ìlọrin

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ìjà mi, kí ó sọ̀rọ̀ Ìlọrin láìdáa níṣojú mi, kíá ni yóò rí i. Òkèlélé ni wọ́n bí mi sí, láàárín àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò. Pákátà ni mo fẹ́ ọkọ sí. Àdúgbò Fate ni a ń gbé báyìí, níbẹ̀ náà ni mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan péré ni mo fi gbé ìlú mìíràn, nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀, n kò sì fi ọdún náà ṣe nǹkan mìíràn ju kí n máa sọ fún àwọn ará ibẹ̀ bí wàrà tiwa ṣe dùn tó lọ.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ dé pé àna wa láti Ọ̀mù-Àrán ń bọ̀ wá wo Ìlọrin, inú mi dùn ṣìnkìn. Mo ní ta ni ó tún mọ ìlú yìí í fi han àlejò tó mi?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré o. Àkọ́bí wa ọkùnrin ló rí ọmọbìnrin kan ní Àbújá níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, onígbàgbọ́, ọmọ ilé ṣọ́ọ̀ṣì pọ́ńbélé. Ní tiwa, kò sí wàhálà. Bàbá àwọn ọmọ mi ti bi àáfà wa léèrè, àáfà sì ní kò sóhun tó ní kí ọmọkùnrin wa má fẹ́ ẹ, kí ìyàwó sì máa bá ẹ̀sìn tirẹ̀ lọ. Ọwọ́ ìyá ọmọ ni gbogbo rẹ̀ kù sí. Opó ni, ọmọbìnrin kan ṣoṣo yìí ló sì bí. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun yóò wá fojú ara òun rí ìlú náà àti ilé náà, àti pé kí òun tó wọkọ̀ padà sílé lọ́jọ́ náà, òun yóò ti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò fara sin. Ó ní àwọn ará Ìlọrin yóò gba ọmọ òun wọlé, wọn yóò yí orúkọ rẹ̀ padà, nígbà tó bá sì fi máa pẹ́ díẹ̀, òun tí òun bí i gan-an ò ní dá a mọ̀ mọ́.

Ọmọ mi pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Mọ́mì, ọwọ́ yín ni mo wà o." Ọmọ tó ti di géńdé, tó ń pàṣẹ fún àwọn ènìyàn ní ọ́fíìsì! Àánú rẹ̀ ṣe mí dé ọkàn. Mo ní kí ó lọ fọkàn balẹ̀, pé bí àna bá ti rí ìlú wa, ó parí.

Àmọ́ ilé náà ńkọ́? Ní agboolé ọkọ mi ní Pákátà, ìyá tó bí ọkọ mi ṣì wà láyé. Ìyá ni gbogbo wa ń pè é, kò sí àfikún. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e jáde mọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà ọmọge rẹ̀ títí tó fi di arúgbó, òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń kọ wákà ládùúgbò náà. Ẹni tó bá ti Mẹ́kà dé, Ìyá ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Ọmọ tó bá ka Kùránì tán tí wọ́n fẹ́ ṣe wòlímọ̀ fún, Ìyá ni. Ó ní kèǹgbè kan tó ti pẹ́ títí tí ara rẹ̀ fi ń dán. Òrùka fàdákà ìka rẹ̀ ló fi ń lu ẹ̀gbẹ́ kèǹgbè náà, ohùn rẹ̀ yóò sì gun orí rẹ̀ lọ, kò tún nílò ìlù kankan.

Àṣà kan wà ní agboolé náà tí mo bá níbẹ̀ nígbà tí mo wọlé ọkọ. Àlejò pàtàkì kì í wọ ibẹ̀ kó tún jáde láìjẹ́ pé wọ́n kọrin fún un. Wọn a ti wádìí orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti orúkọ ìlú rẹ̀, wọn a sì kó gbogbo rẹ̀ sínú orin bó ṣe rí gan-an. Wọn kì í yọ nǹkan kúrò, wọn kì í sì í fi kún un. Ẹni tí wọ́n bá ti dárúkọ báyẹn ti di tiwọn, kò sẹ́ni tó tún lè sọ ní agboolé pé òun ò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ tèmi, mo sunkún débi pé tìróò ojú mi ṣàn dé àgbọ̀n. Ìyá ti ń múra orin àna yìí sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ó ń da ọmọ ọmọ rẹ̀ láàmú lórí fóònù: kí ni orúkọ ìyá ìyàwó, kí ni orúkọ bàbá rẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń fa orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lẹ́nu? Mo bá a lọ́jọ́ kan tó ń dá orúkọ náà kọ fúnra rẹ̀, tó ń wá ibi tí ohùn rẹ̀ yóò ti gùn ún.

Ọkọ mi ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, òṣìṣẹ́ ìjọba ní GRA, ẹni tó jẹ́ pé bí o bá bi í bóyá òjò yóò rọ̀, yóò ní kí o jẹ́ kí àwọn jókòó sọ ọ́ ná. Ó ní wákà kún fún orúkọ Ọlọ́hun lédè Lárúbáwá, àti pé obìnrin tí ẹ̀rù ẹ̀sìn wa ń bà tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́ irú ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Yóò rò pé a ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ni," ló wí.

Ó lọ bá Ìyá, ó dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ẹ dákun, ẹ má kọrin lọ́jọ́ tí àna bá dé."

Ìyá wò ó. "Kí n má kọrin? Nínú ilé yìí?"

"Nítorí ọmọ ọmọ yín ni."

Ìyá fa kèǹgbè rẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo ti gbọ́. Mi ò ní kọrin." Ó ti kèǹgbè náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó dùn mí gan-an. Láti Pákátà títí dé Fate ni mo ń bá ọkọ mi jà nínú mọ́tò, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo rántí ohùn ọmọ mi lórí fóònù, mo fara mọ́ ohun tó wí.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́ ni àna dé. Èmi àti ọkọ mi lọ pàdé rẹ̀ ní Gáréèjì Ọ̀fà nínú Ìlọrin. Obìnrin gíga ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ bùbá àti ìró àdìrẹ, ó sì so gèlè kékeré kan tí kò fi ṣe fáàrí rárá. Mo kúnlẹ̀ kí i, òun náà fẹ́ kúnlẹ̀, a wá ń fa ara wa dìde láàárín àwọn awakọ̀ tó ń ké pe èrò. Mo fẹ́ gba báàgì rẹ̀, kò fún mi. Mo ti ra wàrà tútù lọ́wọ́ ìyá Fúlàní kan lójú ọ̀nà, mo kó o sínú kúlà pẹ̀lú omi yìnyín. Mo ní kó jẹ díẹ̀ kí a tó gbéra.

"Ẹ ṣeun, Àlájà," ló wí. "Ẹ má bínú. Ilé tí mi ò tíì dá lóhùn, mi ò lè jẹ nǹkan wọn. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn."

Mo ní kò burú. Mo ti kúlà náà sẹ́yìn mọ́tò, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi.

Ẹ ò bá rí mi lọ́jọ́ náà! Mo jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹnu mi lè sún mọ́ etí rẹ̀ dáadáa. Ní Challenge mo fi àwọn ilé ìtajà hàn án, mo fi ibi tí ọjà ti ń tà bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi ṣe hàn án. Ní GRA mo ní kí ọkọ mi rọra máa lọ lábẹ́ àwọn igi ńláńlá yẹn, kí àna lè rí bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́ tó mọ́. Ní Fate mo fi ilé-ìwé mi hàn án, mo sì fi ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ hàn án pẹ̀lú, mo tiẹ̀ pẹ́ lórí ti ṣọ́ọ̀ṣì náà ju bó ti yẹ lọ. Mo ní bí wọ́n bá ń kọrin níbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, mo máa ń gbọ́ ọ láti kíṣìnnì mi. Àna ń mi orí. "Ẹ ṣeun." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Orin ni mo fẹ́ sọ fún un jù, orin gan-an ni kò sì sí nínú mọ́tò. Ẹni tó bá mọ̀ wá mọ̀ pé ẹnu-dùn-ju-iyọ̀ ni wọ́n ń pe Ìlọrin. Níbí ni wọ́n ti bí dàdàkúàdà, ibí ni orin bàlúù ti gbayì, ibí náà ni sẹ́nwelé wà, ká má tíì sọ ti wákà àti kèǹgbè. Mọ́tò ọkọ mi kò sáré láìsí dàdàkúàdà nínú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti rà á. Lọ́jọ́ náà, bí rédíò ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí, ó pa á. Nígbà tí a dé ibì kan tí ṣọ́ọ̀bù kan ti gbé gbohùngbohùn síta tí olórin kan ń bẹ́ ohùn jáde bí omi ẹ̀rọ, ọkọ mi sáré gbé gbogbo gíláàsì sókè. Ooru bò wá. Àna wo gíláàsì, ó wò mí, ó tún wo ọ̀nà lọ. Mo tẹ orí ìjókòó ọkọ mi láti ẹ̀yìn, ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Odò Asà ló la ìlú wa sí méjì. Ìhà tí Fate àti GRA wà ni ti àwọn títì gígùn àti ilé tuntun. Bí o bá kọjá afárá bọ́ sí òdì kejì, o ti wọ ìlú àtijọ́ nìyẹn, níbi tí agboolé ti fẹ̀gbẹ́ kan agboolé tí mọ́ṣáláṣí sì wà ní ìdí gbogbo orí ọ̀nà. Mo ní kí ọkọ mi dúró lẹ́bàá afárá Àmìlẹ́gbẹ̀. A sọ̀kalẹ̀. Omi ń ṣàn jẹ́jẹ́ láàárín àwọn òkúta, àwọn ọkùnrin ń bu omi wọ́n ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbìn sí etí rẹ̀, aṣọ tí àwọn alágbàfọ̀ sá sì bo koríko láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo ní odò yìí ló ń fún gbogbo wa lómi mu, àti pé àwọn ọmọge àtijọ́ tó ń pọn omi nínú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lu kèǹgbè tí wọ́n fi ń pọnmi ṣeré lọ́nà odò, gẹ́gẹ́ bí Ìyá ṣe sọ ọ́ fún mi.

Àna wo omi náà títí. "Ó ti fà o," ló wí. "Ó kéré."

Ẹ̀jẹ̀ gun mí lójú. Odò wa ló kéré! Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀rùn ni, Mọ́mì. Ẹ padà wá nígbà òjò, ẹ ó wá rí i bó ṣe máa ń wọ yàrá bá àwọn èèyàn." Lẹ́nu kan ni mo fi ń ṣògo pé odò wa ń wọ ilé onílé. Ọkọ mi wú ikọ́. Bí mo bá fara balẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá bi ara mi léèrè bí obìnrin tó ń rí odò náà fún ìgbà àkọ́kọ́ ṣe mọ̀ pé ó ti fà. Ṣùgbọ́n ta ló ń fara balẹ̀?

Mo mú un lọ síbi òkúta tí àwọn ará àtijọ́ fi ń lọ irin wọn, tí ìlú fi gba orúkọ rẹ̀. Mo mú un gba ẹ̀gbẹ́ ààfin àti mọ́ṣáláṣí ńlá, ó sì gbójú sókè wo òrùlé rírìbìtì náà fún ìgbà pípẹ́. Mo mú un dé Òkèlélé, níbi tí àwọn ìyá ti ń rìn yí ìkòkò ká dípò kí ìkòkò máa yí fún wọn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán fa ẹnu rẹ̀ jáde. Ìyá kan níbẹ̀ dá mi mọ̀, ó ní kí n wá gbà á lọ́wọ́ òun, ṣé mo ti gbàgbé ni? Mo ká ìborùn mi, mo ki ọwọ́ bọ amọ̀. Ẹnu ìkòkò náà kò wọ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ohun tí a bá jáde. Ìgbà yẹn ni àna kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo sì rò nínú mi pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Nígbà tí a dé Pákátà, ọjọ́ ti rọ̀. Wọ́n ti gbá agboolé mọ́ tónítóní. Àwọn ìyàwó ilé kúnlẹ̀, wọ́n kí i káàbọ̀, wọ́n bi í léèrè ọ̀nà, wọ́n bi í léèrè ọyẹ́, wọ́n sì dákẹ́ bí ọkọ mi ṣe kọ́ wọn. A wọ yàrá Ìyá. Ìyá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó wọ aṣọ òfì tó fi ń jáde nígbà tó ṣì ń jáde, ó gbé abọ́ tánganran omi kan lọ́wọ́ tó ń mu.

"Ẹ káàbọ̀ o, àna wa. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, Ìyá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ṣé ilé ò korò?"

"Kò korò, mà."

Ó tán. Gbogbo wa jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ ti ìkòkò, mo sọ ọ́ tán. Ọkọ mi sọ ti ọ̀dá epo, òun náà sọ ọ́ tán. Àna gbé ọwọ́ lé báàgì rẹ̀, ó ń wo ẹnu Ìyá. Ìyá ń wo inú abọ́ omi. Mo mọ̀ ọ́n lójú, orin wà lọ́fun rẹ̀ tó fẹ́ẹ́ fún un pa. Wọ́n pe ìrun àlàásárì, ọkọ mi sì yára dìde bí ẹni tí wọ́n yọ nínú ìdè, ó gbé bútà, ó jáde lọ ṣe àlùwàlá.

Bó ṣe jáde ni àna náà dìde. "Ẹ ṣeun gan-an. Ọlọ́run yóò san án fún yín. N kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ mi lọ́nà."

Kò wo ojú mi. Mo fi ojú inú rí ọmọ mi ní Àbújá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá náà, mo di ìró rẹ̀ mú.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Bí a bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́. Ẹ má gbé e lọ sílé."

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí, Àlájà. Ẹ dìde."

"Mi ò dìde. Ẹ sọ ọ́."

Ó mí kanlẹ̀, ó padà jókòó sí etí àga. "Gbogbo ìlú lẹ fi hàn mí lónìí, mo sì dúpẹ́. Ẹ ṣàlàyé òkúta fún mi, ẹ ṣàlàyé odò. Ṣùgbọ́n Ìlọrin yìí ni mo ti ṣe ìwé tíṣà mi."

Ooru mú mi láti àtẹ́lẹsẹ̀. Gbogbo àlàyé tí mo ti ń ṣe láti òwúrọ̀!

"Ilé ọ̀rẹ́ mi kan ní Òkè-Àpómù ni mo máa ń wà bí wọ́n bá fún wa ní ọlidé tí mi ò lè lọ sílé," ló wí. "Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ agboolé wọn, àgbélébùú kékeré kan wà lọ́rùn mi. Ẹ̀rù bà mí. Àwọn ìyá ibẹ̀ bi mí lórúkọ, mo sọ orúkọ ìrìbọmi mi fún wọn, mo sì dúró kí wọ́n fún mi ní òmíràn. Wọn ò fún mi ní òmíràn. Wọ́n fi orúkọ náà kọrin bó ṣe wà, pẹ̀lú ti bàbá mi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ilé Ìlọrin tó bá kọ orúkọ rẹ lórin kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí mo wá gbọ́ nìyẹn, mi ò sì fẹ́ bèèrè rẹ̀, torí èyí tí èèyàn bá bèèrè kì í ṣe bákan náà. Ṣùgbọ́n ẹ pa rédíò, ẹ gbé gíláàsì sókè, ilé yìí náà sì pa rọ́rọ́. Mo wá rí i pé ẹ ò mọ ibi tí ẹ ó fi orúkọ wa sí."

Mo tú ọwọ́ mi kúrò lára ìró rẹ̀. Èmi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ láti Gáréèjì Ọ̀fà!

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Kó. Kó-kó. Kó. Òrùka fàdákà lára abọ́ tánganran. Ìyá ti mu omi inú rẹ̀ tán, ó da abọ́ náà dojú bolẹ̀ lórí itan rẹ̀, ìka rẹ̀ sì ń lọ ní tirẹ̀. Àna yíjú sí i.

"Mo ṣèlérí fún ọmọ mi pé mi ò ní kọrin," Ìyá wí. "Kò bá mi sọ ti ìka."

Ọkọ mi sáré wọlé, omi àlùwàlá ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀, bútà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá! Mo bẹ̀ yín o!"

Ìyá kò dá ìka dúró. "Ìwọ lo dè mí lẹ́nu. Ìwọ náà ni o máa tú u."

Ọkọ mi wo àna, àna ń wo Ìyá. Ó wá wò mí. Ojú tí mo fi wò ó lọ́jọ́ náà, mo gbàdúrà kí n má tún ní láti fi wò ó mọ́. Ó gbé bútà sílẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ yìí kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìrun rẹ̀, ó nawọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa kèǹgbè náà jáde, ó fi apá aṣọ rẹ̀ nu eruku kúrò lára rẹ̀, ó sì gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ dákun, Ìyá," ló wí. "Ẹ kọ ọ́."

Ìyá gbà á mọ́ra. Ó kọ́kọ́ fi orúkọ Ọlọ́hun bẹ̀rẹ̀ bí wákà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, lédè Lárúbáwá, ó kọ ọ́ gbangba, kò fi pa mọ́, mo sì rí i tí ọkọ mi di ojú. Àna kò mira. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà gun òkè. Kì í ṣe ohùn arúgbó mọ́. Ó kí ọmọ Ọ̀mù-Àrán káàbọ̀. Ó mú orúkọ bàbá àna, ó gbé e kalẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ ẹní fún àgbà. Ó wá mú orúkọ ìrìbọmi àna fúnra rẹ̀, orúkọ tí ahọ́n rẹ̀ ti ń bá jà látọjọ́ yìí wá, ó sì fà á gùn, ó fà á títí tó fi dùn bí ẹni pé Pákátà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn ìyàwó ilé ti dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń gbè é. Mi ò mọ ìgbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí gbè é lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà. Ẹ wò ó, mo ti rìn ká ìlú yìí láti òwúrọ̀, mo ti fi ilé ńlá hàn, mo ti fi afárá hàn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an, nínú yàrá kékeré yẹn, ni orí mi ti wú pé Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí.

Ó wá ku orúkọ ọmọ. Ní ilé wa, ìyàwó tó bá wọlé máa ń gba orúkọ tuntun lọ́wọ́ ìyá ọkọ. Èmi náà gba tèmi. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, àna náà sì mọ̀ ọ́n, torí mo rí i tó di báàgì rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ìyá dá ìka dúró díẹ̀. Ó lu kèǹgbè lẹ́ẹ̀kan, ó sì kọ orúkọ tí ìyá ọmọ sọ ọmọ, bí wọ́n ṣe ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, láìfi nǹkan kan kún un. Ó kọ ọ́ léraléra, àwọn ará ẹnu ọ̀nà sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ títí orúkọ náà fi kún gbogbo agboolé.

Àna fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ó tú ọwọ́ rẹ̀ lára báàgì, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó sì tẹ̀ síwájú láti fi ọwọ́ kan orúnkún Ìyá. Lẹ́yìn náà, èmi ló yíjú sí.

"Àlájà," ló wí, "ṣé wàrà yẹn ṣì wà nínú kúlà?"

Mo dìde, mo sáré gba àárín àwọn ìyàwó ilé kọjá lọ sídìí mọ́tò, mo sì gbàgbé bàtà mi sílẹ̀.